Ọlọ́pàá Tó Dá Wa Dúró Lójú Ọ̀nà Ilé Ìwòsàn

Missouri City, Texas,
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú.

Rukáyátù, Àṣàbí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé bàtà tuntun yẹn kò ta ọ́ lẹ́sẹ̀ mọ́? Èmi àti Dádì rẹ wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láti Ọjọ́bọ̀ tí o ti búra wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ni inú ilé wa ti ń dùn. Aṣọ kóòtù tí Dádì rẹ wọ̀ lọ síbẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn àga níbi tí wọ́n bọ́ ọ sí. Wọ́n ní kí n má tíì gbé e kúrò. Ní ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo ẹni tó bá wọn pàdé níbi tí a ń bọ́ bàtà sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni wọ́n sọ fún pé ọwọ́ àwọn ni àwọn fi so báàjì mọ́ ọmọ àwọn láyà. Ìmáàmù alára rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo yọ̀ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ọmọ tí a gbé wá sí ilẹ̀ yìí ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó máa ń gbé ìtọ̀ mọ́ra ní school títí di ọ̀sán nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àyè ní èdè wọn, òun ló dúró ṣánṣán níwájú èrò rẹpẹtẹ, tó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, tí ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Mo wo ẹ̀yìn rẹ nínú aṣọ yẹn, mo ní, Alhamdulillahi, a kò rìn lásán.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá yín ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ìdí tó fi yan iṣẹ́ yìí, o sọ pé nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àìsàn ọkàn kọlu bàbá rẹ, pé ọlọ́pàá kan tan síréènì, ó sáré ṣáájú wa dé ilé ìwòsàn, òun ló jẹ́ kí bàbá rẹ wà láyé. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Dádì rẹ ń wo ilẹ̀. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, Àṣàbí.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tí o bá ń fi ìtàn yẹn ṣeré lásán ni, ǹ bá jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀la wàá wọ mọ́tò ọlọ́pàá, o sì fẹ́ fi ìtàn yẹn ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ kí o fi irọ́ wa ṣiṣẹ́. Mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò gba ẹnu mi jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo Sátidé tí mo fi kọ́ ọ ní á bí dí, tí ò ń sunkún pé o fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n, òní ni mo fẹ́ jẹ èrè rẹ̀. Rọra kà á.

Mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, Mọ́ríámọ̀, ń rọbí. Wọ́n ní ọmọ náà dábùú, kí a gbé e lọ sí ìlú ńlá. A wọ takisí kan. Ní ojú ọ̀nà, àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró, wọ́n ní kí awakọ̀ mú ìwé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ìwé náà kò pé. Awakọ̀ ń bẹ̀ wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi ń kérora lẹ́yìn. Èmi ni mo bọ́ sílẹ̀. Mo pe ọ̀kan nínú wọn ní olè, mo ní ìyá rẹ̀ ni kò kọ́ ọ. Àṣàbí, ọkùnrin yẹn ti fẹ́ jẹ́ kí a lọ. Mo rí i tó ti na ìwé padà sí awakọ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí mo sọ, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ní kí a yà sí ẹ̀gbẹ́. A wà níbẹ̀ títí oòrùn fi kọjá àárín ọ̀run. Ẹ̀gbọ́n mi yè. Ọmọ kò yè.

Ọkùnrin yẹn ṣẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n tèmi náà wà ńbẹ̀. Ohun tí mo fi ọjọ́ yẹn kọ́ kò sì tọ̀nà. Mo kọ́ pé ẹni tó bá gbé aláìsàn, kó má dúró fún ọlọ́pàá láéláé. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀ òfúrufú, tí mo gbé e dé Texas.

Nísinsìnyí, gbọ́ ti Dádì rẹ.

Ọjọ́ Sátidé ni. O ti sùn mọ́jú ní ìlú Katy, ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ kan tó ṣe ọjọ́ ìbí. Dádì rẹ ti ibi iṣẹ́ ní La Porte dé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì láì bọ́ bàtà. Wọ́n ní àyà ń fún àwọn díẹ̀. Mo ní ẹ̀wà tí wọ́n jẹ níbi iṣẹ́ ni. Mo se atalẹ̀ fún wọn, mo fi àdí pa wọ́n láyà. Wákàtí kan gbáko ni mo fi ń pa àdí, Ọlọ́run forí jì mí. Nígbà tí òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú wọn, tí wọ́n ní ọwọ́ òsì àwọn wúwo, ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀wà.

Nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n fi ń pe áńbúláǹsì ní ìlú yìí, 911, wà lára fìríìjì. Ìwọ lo mú un wá láti school, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú mi á ti máa rí i. Mi ò pè é. Ọkàn mi sọ fún mi pé áńbúláǹsì kì í dé lásìkò, àti pé bí wọ́n bá dé, wọn á bi mí ní ìbéèrè títí ẹ̀mí á fi bọ́. Mo gbé ọkọ mi sínú mọ́tò. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí mo gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Mi ò tíì dá wọ freeway, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, rí láyé mi.

Ọjọ́ yẹn ni mo wọ̀ ọ́. Mo tẹ mọ́tò yẹn títí abẹ́rẹ́ tó ń ka eré fi kọjá àádọ́rùn-ún. Mo ń yà sọ́tùn-ún, mo ń yà sósì, mo ń ké Yà Lọ́ọ̀hù. Mọ́tò búlúù kékeré kan wà níwájú mi, mi ò rí i àfi ìgbà tí mo ti fẹ́ gùn ún. Ó fi agbára yà fún mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mi ò wẹ̀yìn. Kò pẹ́ ni mo rí iná pupa àti búlúù nínú dígí mi.

Mo sá fún un, Rukáyátù. Ohun tí a kò sọ fún ọ rí nìyẹn. Máìlì méjì ni mo fi sá fún ọlọ́pàá. Síréènì tí o ń sọ, ẹ̀yìn wa ló wà. Èmi ló ń lé.

Dádì rẹ ní, “Sìdíkátù, dúró.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.” A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà.

Wọ́n tún ní, “Dúró fún ọkùnrin yìí.” Lẹ́yìn náà ni orí wọn rọ̀ gba fèrèsé, wọn kò sọ nǹkan mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó dúró sí etí ọ̀nà.

Mo já bọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ṣe ní ọjọ́ ti Mọ́ríámọ̀. Bàtà mi kan bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Ọlọ́pàá náà ti jáde, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí. Ọkùnrin funfun kan ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hewú, orúkọ rẹ̀ ni Walter bí mo ṣe wá mọ̀ nígbà tó yá. Ó ní, “Màdáàmù, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín.” Mo gbé ọwọ́ sókè. Ẹnu mi gbẹ. O mọ bí ẹnu ṣe ń gbẹ wá ní ìlú yìí bí iná yẹn bá tàn lẹ́yìn wa, mi ò ní kọ ìwé gígùn lórí rẹ̀. Mo ń sọ pé, “Ọkọ mi, ọkọ mi.”

Mo rí i tí ojú rẹ̀ kúrò lára mi, tó lọ sára fèrèsé. Kò béèrè láísẹ́ǹsì. Kò béèrè ìdí tí mo fi sá. Ó rìn lọ wo Dádì rẹ lójú kí ó tó tún bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Láti ìgbà wo?” Mo ní láti àárọ̀. Ó ní, “Ìgbà wo ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?” Mo ní nísinsìnyí, nísinsìnyí ni. Mo ní, “Jọ̀wọ́, tan iná rẹ, ṣáájú wa, mú wa dé ọsibítù.”

Ó ní, “Rárá, màdáàmù. Ẹ ò ní lọ síbì kankan.”

Ó na ọwọ́ kọjá iwájú sítíárìn, ó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi.

Àṣàbí, mo rò pé ọkùnrin ti ìjọ́sí ló tún dé. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Mo fi ìkúùkù lù ú láyà, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹrin, bóyá márùn-ún. Mo fi Yorùbá ṣépè fún un, irú èpè tí mi ò lè kọ sínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ. Ìwọ tí o ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, o mọ ohun tí ó láṣẹ láti ṣe fún mi. Kò ṣe é. Bí mo ṣe ń lù ú ló ń sọ̀rọ̀ sínú rédíò èjìká rẹ̀, tó ń sọ ibi tí a wà fún wọn, tó ní kí áńbúláǹsì máa bọ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó gbé Dádì rẹ láti abẹ́ apá, ó tẹ́ wọn sórí koríko etí ọ̀nà, ó fa ẹ̀wù wọn ya. Ó gbé etí sí wọn lẹ́nu. Ó ní, “Kò mí.” Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà wọn.

Mo dúró, mo ń ké. Ó pè mí láì gbé orí sókè. Ó ní, “Màdáàmù, mo fẹ́ kí ẹ máa kà fún mi. Ẹ kúnlẹ̀ síbí. Ẹ kà á sókè.”

Mo kúnlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Mo rò pé á ní kí n dákẹ́. Ó ní, “Ó dáa, ẹ máa bá a lọ.” Mo ka ení dé ẹ̀wá lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹ́ èémí sí Dádì rẹ lẹ́nu, mo tún bẹ̀rẹ̀. Tírélà ń kọjá lára wa, atẹ́gùn wọn ń gbé ìbòrí mi. Ọkùnrin funfun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣépè fún ń fi òǹkà Yorùbá tẹ àyà ọkọ mi ní etí freeway, òógùn rẹ̀ ń kán sórí ọwọ́ mi. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo kà á. Mo mọ̀ pé ohùn mi kò já.

Àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì dé, wọ́n gbé ẹ̀rọ iná wọn sílẹ̀, wọ́n fi ta Dádì rẹ láyà lẹ́ẹ̀kan. Kò sí nǹkan. Wọ́n tún fi ta wọ́n láyà lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin kúkúrú kan, fi ìka sí wọn lọ́rùn, ó wojú mi, ó ní, “Ó ti padà.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, dókítà jókòó tì mí. Ó ní, “Ta ló ń tẹ àyà ọkọ yín kí áńbúláǹsì tó dé?” Mo ní ọlọ́pàá ni. Ó ní bí mo bá ti wa mọ́tò yẹn dé ẹnu ọ̀nà àwọn, òkú ni ǹ bá gbé wá, torí pé kò sí ẹni tó lè wa mọ́tò kó sì tún máa tẹ àyà ènìyàn. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Ọwọ́ tí mo fi lu ọkùnrin yẹn nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, Walter wá sí ilé ìwòsàn, ó mú bàtà mi kan lọ́wọ́ nínú báàgì ọ̀rá. Mo kúnlẹ̀ fún un ní kọ́rídọ̀ láti dúpẹ́ àti láti tọrọ àforíjì. Ó rò pé mo ṣubú ni, òun náà bá yára kúnlẹ̀ láti gbé mi. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá kò mọ ẹni tó yẹ kó ràn lọ́wọ́. A rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Sátidé.

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó parí sí ẹ̀rín. Ó jókòó, ó ní, “Màdáàmù, mo bá obìnrin inú mọ́tò búlúù sọ̀rọ̀. Ìkókó wà lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀. Òun náà ń lọ sílé.” Ó tún ní, “Bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, kí lẹ máa ṣe?” Mo ní màá pe nọ́ńbà yẹn, màá sì dúró tì wọ́n. Ó ní òun gbà. Ó fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì owó ìtanràn, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Inú Kùránì mi ni mo tọ́jú rẹ̀ sí.

Ìwọ yóò béèrè ìdí tí a fi parọ́ fún ọ. Nígbà tí o ti Katy dé, o bi Dádì rẹ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní, “Ọlọ́pàá kan ràn wá lọ́wọ́.” Ìwọ fúnra rẹ lo fi síréènì kún un, o fi sísáré kún un. Dádì rẹ kò fẹ́ kí ọmọ àwọn rò ó pé àwọn sùn láìwẹ̀wù sétí ọ̀nà lójú gbogbo ayé. Èmi ò fẹ́ kí o mọ̀ pé mo lu ènìyàn tó ń gbà wá. A jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi àtàtà, mi ò mọ iṣẹ́ rẹ ju àwọn ọ̀gá rẹ lọ. Ibi tí òfin wọn bá ti yàtọ̀ sí tèmi, tiwọn ni kí o tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n gba ìwọ̀nba yìí lọ́wọ́ ìyá tí ọlọ́pàá ti lé rí.

Èkíní, wo ojú kí o tó béèrè ìwé. Bí o bá dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, kì í ṣe awakọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Wo ẹni tó jókòó tì í. Wo ẹ̀yìn. Bí ètè bá ti funfun, bí òógùn bá ń dà nínú mọ́tò tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, ìwé ti di ọ̀rọ̀ ọ̀la.

Èkejì, má ṣe bá wọn sáré. Èyí ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Àwọn tí ẹ̀rù ń bà yóò bẹ̀ ọ́ bí mo ṣe bẹ Walter pé kí o ṣáájú, kí o tan iná. Á dùn mọ́ ọ láti ṣe é, nítorí pé ìtàn tí o dàgbà lé lórí nìyẹn. Má ṣe é. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè tẹ̀ lé ọ ní irú eré yẹn, ìkókó wà nínú mọ́tò búlúù níwájú. Dá wọn dúró, pe áńbúláǹsì wá bá wọn, kí ìwọ sì lo ọwọ́ rẹ. Bí ilé ìwòsàn bá wà ní òdìkejì títì gan-an ńkọ́? Bi ọ̀gá rẹ lórí rédíò. Mi ò ní dá ìyẹn lẹ́jọ́ láti ìdí tábìlì oúnjẹ mi.

Ẹ̀kẹta. Bí a bá lé ewúrẹ́ kan ògiri, á kọjú sí ẹni tó ń lé e. Ẹni tó bá bú ọ lọ́jọ́ náà, bóyá ìwọ kọ́ ló ń bú. Ọkùnrin tí mo ń lù ní Texas, ẹlòmíràn ló jẹ́ lójú mi. Dáàbò bo ara rẹ, mi ò ní kí o jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lù ọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà ní iṣẹ́ ṣe. Ní kó kà. Ní kó di orí aláìsàn mú. Láti ìgbà tí Walter ti fún mi níṣẹ́ ni orí mi ti padà sípò. Bí kò bá sì lè kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kó kà á bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

Ìkẹrin yìí tì mí lójú ju gbogbo rẹ̀ lọ, n kò sì tíì sọ ọ́ fún Dádì rẹ pàápàá.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó kan ní Katy. Mo pẹ́ jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo sáré, ọlọ́pàá dá mi dúró. Obìnrin ni, ọmọdé bíi tìrẹ báyìí. Ó béèrè ìdí tí mo fi sáré. Mo ní àyà ń dùn mí. Mo rò pé á ní kí n máa lọ. Ọmọbìnrin náà pa mọ́tò mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó pe áńbúláǹsì. Ó ní, “Ẹ má bẹ̀rù, mo wà lọ́dọ̀ yín.” Nígbà tí mo rí àwọn méjì tí wọ́n fi eré gbé àpótí bọ̀ wá bá mi, èmi tí irú wọn gba ọkọ mi là, mo bú sẹ́kún. Mo jẹ́wọ́. Ọmọbìnrin náà kò pariwo. Ó kọ tíkẹ́ẹ̀tì mi, ó ní, “Màdáàmù, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló yẹ kí àwọn méjì yìí wà.” Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e bọ̀ wálé.

Nítorí náà, wọn á parọ́ fún ọ. Irú àwọn ìyá bíi tèmi, tí wọ́n ń kírun, á parọ́ fún ọ. Gbà wọ́n gbọ́ ná. Bí ó bá jẹ́ irọ́, ìtọ́jú rẹ ni yóò tú u, kì í ṣe ariwo. Kọ tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tó parọ́, kó san án. Ṣùgbọ́n má gbé irọ́ rẹ̀ lọ bá ẹni tó kàn. O lè gbọ́ irọ́ mẹ́wàá, kí ìkọkànlá jẹ́ bàbá ọmọ kan.

Èyí tó kù kò ní nọ́ńbà. Máa jẹun kí o tó jáde. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní orúkọ tí kò dára nítorí àwọ̀ rẹ, tàbí nítorí aṣọ tí o wọ̀, rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe. Kírun rẹ nígbà tí àyè bá wà, Ọlọ́run mọ iṣẹ́ tí o wà lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá ṣe ohun tó tọ́ tí ẹni náà sì kú lọ́wọ́ rẹ, wá sílé. Má lọ jókòó sí apartment nìkan. Mo ti dúró ti òkú àwọn arúgbó, mo mọ bó ṣe ń rí, mi ò sì ní bi ọ́ ní ìbéèrè.

Ọlọ́run tó jẹ́ kí ọwọ́ àjèjì kan wúlò fún wa á jẹ́ kí ọwọ́ tìrẹ wúlò fún ọmọ ẹlòmíràn. Wàá jáde, wàá wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Ohùn tí o fi búra kò ní yí padà lẹ́nu rẹ.

Mo ń palẹ̀ ìwé mọ́ ni Dádì rẹ ti mọ́ṣáláṣí dé lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Wọ́n ní, “Láti ọ̀sán lo ti wà nídìí tábìlì yìí. Ta lò ń kọ̀wé sí?”

Mo ní, “Ọlọ́pàá ni.”

Wọ́n ní, “Kí lo ṣẹ̀?”

Mo ní, “Mo sáré jù.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n fa àga, wọ́n wá gíláàsì ojú wọn, wọ́n sì ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí mo ti parọ́ fún ọmọbìnrin yẹn ní Katy, wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Sìdíkátù.” Lẹ́yìn náà wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ wọn ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Sìdíkátù.

*Àṣàbí, òótọ́ ni gbogbo ohun tí Mọ́mì rẹ kọ. Mo sùn láìwẹ̀wù sétí freeway, ayé rí mi, mo sì dìde. Bí o bá jáde lọ́la, máa dá wọn dúró, ọmọ mi. Dádì.*